Ọ̀pẹ Ìjàrè Kò Purọ́

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, àti ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí rí tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, mo kí yín. Bó bá jẹ́ òwúrọ̀ ni ẹ ń kà á, ẹ kú ojúmọ́; bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí ọwọ́ mi ṣì lè di bírò mú, nítorí ẹsẹ̀ mi ti kọṣẹ́ sílẹ̀, dókítà tó ń tọ́jú ọkàn mi ní Àkúrẹ́ sì ti sọ fún mi láìfi bò pé kí n tètè tún ilé mi ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò rí ẹni tí yóò ta wọ́n lólobó kí ọjọ́ tó pé.

Orúkọ mi ni Ọlọ́runníyì Adébùsóyè, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí ẹ bá jẹ́ ará ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kí n ti tẹ dùrù níbi ìgbéyàwó yín tàbí níbi ìsìnkú ìyá yín. Ẹ ti kí mi kú iṣẹ́, ẹ ti pè mí ní ènìyàn Ọlọ́run. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni ohun tí mo jókòó lé lórí ní gbogbo ìgbà tí ẹ ń kọrin tí mò ń tẹ̀lé yín. Òun ni mo fẹ́ sọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi yára púpọ̀, ó lé ní ogún ọdún dáadáa, ṣùgbọ́n òtítọ́ ti di í ní èjìká mú báyìí, èmi ni mo sì dúró dè é.

Dùrù kọ́ ni iṣẹ́ oṣù mi. Oko ìwádìí ọ̀pẹ kékeré kan wà nígbà náà ní ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, igbó ti gbé e mì báyìí. Ibẹ̀ ni mo ti ń tọ́jú yàrá tí a ti ń mú èkùrọ́ hù. Ọ̀gá wa ni Dókítà Ọládélé, ọmọ Ìsẹ́yìn. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́, dókítà ìwé ni. Ó ti kàwé lókè òkun, ó sì padà wálé ní àkókò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta ọkọ̀ wọn láti fi sá lọ. Ẹnì kẹta wa ni Moríyọ̀, ọmọ Àkúrẹ́, tí mo fi nǹkan bí ọdún mẹ́jọ jù lọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ku òun àti Joy ọmọ rẹ̀. Moríyọ̀ ló ń kọ orúkọ sára gbogbo àpò èkùrọ́, òun ló sì ń kọ ohun gbogbo sínú ìwé ńlá. Ìkọ̀wé rẹ̀ rẹwà tó bẹ́ẹ̀ tí Dókítà fi máa ń sọ pé, "Bí Moríyọ̀ bá kọ ọ́, mi ò tún ní láti wò ó."

Ní oṣù kìíní ọdún 1993, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, a lọ sí Ìjàrè lọ wo oko obìnrin opó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Wúrà. Gbogbo ilé tí a kọjá, epo pupa ti dì gbagidi nínú ìgò, àwọn ènìyàn ń fi ṣíbí họ ọ́. Ṣùgbọ́n ìgò kan wà lójú fèrèsé Ìyá Wúrà tí epo inú rẹ̀ ń mì bí omi.

Dókítà gbé e sókè, ó yí i dà bíi pé ó fẹ́ fi í ṣeré. "Màmá, ṣé ẹ gbé e sídìí iná ni?"

"Iná wo?" Ìyá Wúrà dáhùn. "Ta ló ní èédú tí yóò fi yá iná fún epo? Ọ̀pẹ bàbá ọkọ mi ni. Epo rẹ̀ kì í dì. Bàbá máa ń sọ pé òun nìkan ni ọ̀pẹ tí kì í bẹ̀rù òtútù."

Dókítà jáde lọ sídìí ọ̀pẹ náà, ọ̀pẹ gíga, àgbà ọ̀pẹ, ó sì gbé ọwọ́ lé e lára bí ẹni tó ń kí àna rẹ̀.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó ṣàlàyé fún wa. Ó ní gbogbo ohun tó ní ẹ̀mí ló ní àkọsílẹ̀ nínú, ó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, jíìnì ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan nínú àkọsílẹ̀ náà ló ń pàṣẹ bí ọ̀pẹ yóò ṣe ṣe ọ̀rá. Ó ní, "Ọ̀rá dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a ń sín sórí okùn. Nínú ọ̀pẹ tí a mọ̀, aláṣẹ kan wà tó máa ń tètè já okùn níbi ìlẹ̀kẹ̀ kẹrìndínlógún. Okùn bẹ́ẹ̀ kúrú, ó sì tọ́ gbọnrangandan. Wọ́n á tò jọ bí igi ìdáná, epo á sì dì. Ní ti ọ̀pẹ Màmá, mo gbà pé aláṣẹ yẹn lọ́ra. Okùn ń gùn dé ìlẹ̀kẹ̀ kejìdínlógún, ó sì ń tẹ̀ láàárín. Igi tó bá tẹ̀ kò ṣeé tò jọ. Ìdí nìyẹn tí epo náà fi ń ṣàn."

Moríyọ̀ ní, "Ọ̀gá, ẹ kúkú sọ pé ọ̀lẹ ni ẹni tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ fún ọ̀pẹ Ìyá Wúrà."

A rẹ́rìn-ín títí. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ó wá ní, "Ọ̀lẹ tó lè gba ènìyàn là ni o. Epo tí kì í dì rọrùn fún ọkàn. Bí a bá lè fi hàn pé ọmọ ọ̀pẹ náà ń jogún àbùdá yìí, Ìjàrè yóò ní ohun tí gbogbo ayé yóò máa wá rà."

Èmi, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé Ẹlẹ́dàá ti kọ ìwé kan sínú ọ̀pẹ, ó fi pamọ́ sí Ìjàrè, àwa mẹ́ta ni yóò sì kọ́kọ́ kà á. Inú mi dùn. Mo sọ èyí kí ẹ má bàa rò pé n kò mọ iyì ohun tí mo bà jẹ́. Mo mọ̀ ọ́n.

Dókítà fi àpò bo òdòdó ọ̀pẹ náà, ó sì bu ìyẹ̀fun òdòdó ọ̀pẹ náà gan-an sí i, kí ọ̀pẹ mìíràn má bàa da tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1994 a kó èso rẹ̀. A kó èso ọ̀pẹ lásán kan pẹ̀lú láti Úrómì, kí a lè máa fi wé e. Moríyọ̀ kọ lẹ́tà I sára àpò ti Ìjàrè, ó kọ U sára àpò ti Úrómì, ó sì kọ iye wọn sínú ìwé ńlá. Dókítà ṣèlérí fún Ìyá Wúrà pé ogún nínú àwọn ọmọ ọ̀pẹ náà yóò padà sí ilẹ̀ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni a ó sì fi máa pè wọ́n. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ìjì líle kan jà ní Ìjàrè, ó sì wó àgbà ọ̀pẹ náà lulẹ̀. Ìyá Wúrà wá sọ fún wa fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ó ti lọ o. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ yín." Ojú mi ló ń wò nígbà tó sọ ọ́, torí èmi ni kọ́kọ́rọ́ yàrá wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé yàrá náà. Èkùrọ́ kì í dédé hù. Oorun ló máa ń sùn, ooru ló sì ń jí i. Ọgọ́rin ọjọ́ gbáko ló gbọ́dọ̀ lò nínú ooru tó dà bí ara ẹni tí ibà ń ṣe, kò gbọ́dọ̀ tutù jù, kò gbọ́dọ̀ gbóná jù. Iná mànàmáná ló yẹ kó ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ rántí ọdún yẹn. Iná kò sí, epo bẹntiróòlù tí a ó fi tan jẹnẹrétọ̀ kò sí, àwọn ènìyàn ń sùn sí ilé epo bí ẹni sùn sí ọ̀nà àjò. Èmi àti Moríyọ̀ ló ń fi èédú mú yàrá náà gbóná. Ìkòkò èédú méjì, àwo omi mẹ́rin, tẹmómítà kan lára ògiri. Ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, ọ̀kan nínú wa á wọlé lọ wò ó. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjìlélọ́gọ́ta. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ẹni tó lè ṣe é dáadáa jù wá lọ.

Ọjọ́ kẹtàlélọ́gọ́ta bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Oǹdó.

Dókítà wà ní Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ náà. Ibà ń ṣe Joy, Moríyọ̀ sì fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìgbàrà-Òkè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ Ẹtì pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. "Bọ̀dá Níyì, ọ̀la kọ́, ọ̀túnla ni Ìkórè yín. Ṣé kí n dúró? Màmá lè wá mú ọmọ níbí."

"Máa lọ," ni mo wí. "Èmi àti èédú ti mọ ọwọ́ ara wa."

"Ẹ ò ní gbàgbé o. Ẹ̀yin ará Oǹdó, bí ẹ bá ti gbọ́ dùrù, ẹ ò tún gbọ́ nǹkan míì."

"Èwo ni tìrẹ, Àkúrẹ́ tí kò mọ orin?" A jọ rẹ́rìn-ín. Ó lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, mo di èédú kún ìkòkò méjèèjì, mo sì fi eérú bò ó kó lè máa jó díẹ̀díẹ̀. Mo pa fèrèsé kékeré dé kí ooru má bàa jáde. Mo ní n ó padà ní aago méjì ọ̀sán. Mo lọ tẹ dùrù fún Ọlọ́run, mo sì tẹ̀ ẹ́ bí n kò ṣe tẹ̀ ẹ́ rí. Àwọn àgbà dìde lórí ìjókòó. Obìnrin kan da aṣọ lé mi léjìká. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n gbé oúnjẹ sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sọ fún ara mi pé ọkọ̀ ni kò sí ní ọjọ́ náà, torí epo. Kí n má tún purọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń lọ sí Àkúrẹ́ ní aago mẹ́rin, awakọ̀ rẹ̀ sì pè mí. Mo ń gbọ́ ìyìn lọ́wọ́. Mo ní kó máa lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni mo tó dé. Ẹnu géètì ni mo ti gbóòórùn rẹ̀: òórùn àdín. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti rí àwọn ìyá wa tí wọ́n ń yan èkùrọ́ láti fi ṣe àdín, ẹ mọ òórùn náà. Òórùn ilé ni, òórùn orí ọmọ tuntun ni. Ní ọjọ́ yẹn, òórùn òkú ló jẹ́ ní imú mi. Mo ṣí ilẹ̀kùn, ooru gbá mi lójú. Afẹ́fẹ́ ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó ti fẹ́ èédú ìkòkò kan títí tó fi pọ́n bí ojú ẹkùn. Àpò I ló wà lórí pẹpẹ tó súnmọ́ ọn. Mo já ọ̀kan, mo fọ́ èkùrọ́ náà, mo fi eyín gé e. Ó ti jinná. Mo fọ́ ogún. Gbogbo wọn ló jinná. Àwọn àpò U wà ní igun kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tútù. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

Mo jókòó sílẹ̀ nínú yàrá náà. Ọdún yẹn ni wọ́n ń lé òṣìṣẹ́ bí ẹni lé adìẹ, ọmọ mẹ́rin sì wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù àtijẹ kọ́ ló pọ̀ jù. Ojú ni mo ro. Mo ro bí Dókítà yóò ṣe wò mí. Mo ro Ìyá Wúrà. Bí mo bá ti sọ òtítọ́ lọ́jọ́ náà, èmi nìkan ni ojú ì bá tì. Nítorí n kò fẹ́ kí ojú tì mí fún ọjọ́ kan, mo dá ojú ti ènìyàn mẹ́ta títí ayé.

Mo da èkùrọ́ tó jinná sínú iná. Mo pín èkùrọ́ Úrómì sí méjì, mo da ìdajì sínú àpò tí Moríyọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ I sí. Ó parí. Kò gbà ju wákàtí kan lọ.

Ní ọjọ́ kejì Moríyọ̀ dé, Joy ti gbádùn. Ó dúró lágbàlá, ó ń fa imú. "Bọ̀dá Níyì, kí ló ń rùn bí àdín?"

"Èkùrọ́ ni mo yan jẹ. Ebi ń pa mí."

"Ará Oǹdó!" Ó pàtẹ́wọ́. "Ìjọba ní ká mú èkùrọ́ hù, ẹ ti yan án jẹ." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Mo rí i. Mo sọ fún un pé kó má ṣí àpò mọ́, pé ooru á sá jáde. Èmi nìkan ni mo ṣí wọn nígbà tí wọ́n hù, mo sì sọ fún Dókítà pé ìdajì kò yè. Ó ní, "O káre, Níyì. Ìdajì náà tó."

A gbìn wọ́n sí oko ní ọdún 1996. A kó ogún lọ fún Ìyá Wúrà. Ó gbìn wọ́n yí kùkùté àgbà ọ̀pẹ náà ká, ó ń pè wọ́n ní ọmọ mi, ó sì máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé kí wọ́n dúró de ọyẹ́. Wọ́n dúró. Ní oṣù kìíní ọdún 2000, Dókítà to ìgò ogójì sórí tábìlì rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó wọlé ní òwúrọ̀, ó bá gbogbo wọn ní dídì. Ní Ìjàrè, wọ́n fi Ìyá Wúrà ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, "Ọ̀pẹ tí kì í bẹ̀rù òtútù ti di ọ̀pẹ tó ń wọ súwẹ́tà." Ó ní òun ló jẹ̀bi, pé bóyá ó yẹ kóun bi àwọn àgbà ilé kóun tó fi ohun ìní bàbá ọkọ òun fún àlejò.

Dókítà pè mí. Ó ti rẹ̀ ẹ́. "Níyì, mo ti wo àkọsílẹ̀ mi títí. Ó yẹ kí wọ́n jogún rẹ̀. Ṣé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí èkùrọ́ yẹn?"

Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún mi gbayawu. Ohun tí mo fi dí i ni èyí tó burú jù nínú gbogbo ayé mi. Mo ní, "Ọ̀gá, mi ò fẹ́ ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí àwọn ará Àkúrẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ulé ni wọ́n ń pe ilé. Ugi ni wọ́n ń pe igi. Ùjàrè ni Moríyọ̀ ń pe Ìjàrè. Ṣé kì í ṣe pé ó kọ U sára àpò Ìjàrè bí ẹnu rẹ̀ ṣe pè é, tó wá ku I fún ti Úrómì?"

Ìyá tó bí èmi gan-an ní Oǹdó, u ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ìdajì ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ojú Dókítà mọ́lẹ̀ bí ojú ọmọdé. Nítorí bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀pẹ tí wọ́n kọ U sí ní igun oko ni ọmọ ọ̀pẹ Ìjàrè, ohun tó ń wá kò tíì sọnù. Mo fún un ní ìrètí tó jẹ́ irọ́. Èyí ni mo máa ń rántí jù.

Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ mẹ́ta wá jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Kí wọ́n tó dé, mo mú ìwé ńlá Moríyọ̀ kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé e lọ sí Oǹdó, mo sì fi sínú àpótí ìjókòó dùrù, lábẹ́ àwọn ìwé orin àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí. Wọ́n pe Moríyọ̀ wọlé. Èmi dúró ní ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Alága wọn ní, "Arábìnrin, níbo ni ọ̀pẹ tí epo rẹ̀ kì í dì ti wá?"

"Ùjàrè ni, sà."

Ọ̀kan nínú wọn fi ìka kan tábìlì. "Tún un pè."

"Ùjàrè."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà náà ló yé Moríyọ̀. Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹnu mi ni Ùjàrè wà, kò sí lọ́wọ́ mi. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti gba ẹnu mi, ilé ẹ̀kọ́ ló fún mi ní ọwọ́. I ni mo kọ. Mo kọ iye wọn pẹ̀lú. Ẹ ní kí wọ́n gbé ìwé mi wá."

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Mo ní, "Mo ti wá a, sà. N kò rí i."

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka Ìwé Mímọ́, ẹ rántí àwọn tí wọ́n pa létí odò nítorí pé ahọ́n wọn kò lè pe ọ̀rọ̀ kan bí ó ti tọ́. Mo ti fi ìtàn yẹn kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Mo ti bá wọn káàánú àwọn tó kú. Ní ọjọ́ yẹn, èmi ni mo dúró létí odò pẹ̀lú idà.

Wọ́n lé Moríyọ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Joy fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọdún méjì nítorí owó. Dókítà fi ọdún mẹ́ta yẹ gbogbo ọ̀pẹ U wò, ó ń lọ láti ìdí ọ̀kan dé ìdí èkejì bí ìyá tó ń wá ọmọ rẹ̀ láàárín èrò, èmi sì ń bá a gbé ìgò. Nígbà tó dé ìdí èyí tó kẹ́yìn, ó jókòó sílẹ̀ nínú koríko. Ó ní, "Níyì, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ojú mi ló tàn mí ní Ìjàrè." Ó kọ̀wé sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lókè òkun pé àṣìṣe lòun ṣe, kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ òun rẹ́. Ó padà sí Ìsẹ́yìn. Ìyá Wúrà kú ní 2009. Dókítà kú ní 2014. Mo gbọ́ ikú rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo tẹ dùrù ní ọjọ́ Ìsinmi, ìwé ńlá náà sì wà lábẹ́ mi.

Ó tún kọjá ọdún márùn-ún kí n tó dìde. Ojú kò tì mí láti sọ ohun tó gbé mi dìde: dókítà ọkàn mi ló sọ fún mi pé kí n ṣọ́ra fún irú ọ̀rá tó máa ń dì. Mo ní, "Ṣé epo kan wà tí kì í dì?" Ó ní, "Bàbá, bí irú rẹ̀ bá wà lára ọ̀pẹ, ì bá dára." Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún níwájú ọmọ náà. Ní ọjọ́ kejì, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣí àpótí, mo mú ìwé náà, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgbàrà-Òkè.

Moríyọ̀ ti darúgbó. Ó ń ta ìwé àti bírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan. Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Bọ̀dá Níyì. Ọ̀pá ti di ẹsẹ̀ yín kẹta."

N kò lè kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò gbà. Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láti orí ìkòkò èédú dé orí ìwé. Mo gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ó ṣí i, ó wá ojú ewé náà láìpẹ́, bíi pé àná ló kọ ọ́. Ó fi ìka tọ́ ọ: Ìjàrè, I, ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá. Úrómì, U, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún. Ìkọ̀wé rẹ̀ kò tíì ṣá.

"Mo gbóòórùn àdín," ló sọ níkẹyìn. "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Mo ń dúró dè yín. Mo ní onígbàgbọ́ ni Bọ̀dá Níyì, á sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo sì dé iwájú àwọn yẹn, n kò rí ẹni tí yóò gba òórùn gbọ́. Ìwé mi ni mo gbẹ́kẹ̀ lé."

Mo ní mo ní owó díẹ̀. Ó gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ má fi owó lọ̀ mí. Ṣé ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ yẹn n kò lè pe orúkọ ìlú yẹn lójú ènìyàn? Bí mo bá fẹ́ lọ síbẹ̀, mo máa ń sọ fún awakọ̀ pé kó já mi sílẹ̀ lẹ́yìn Àkúrẹ́." Ó mú ìwé tuntun kan àti bírò kan látinú ọjà rẹ̀, ó kó wọn lé mi lẹ́sẹ̀. "Ẹnu yín lẹ fi bà mí jẹ́. Ọwọ́ yín ni kí ẹ fi tún un ṣe. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ kó tóbi."

Mo bi í bóyá ó dárí jì mí. Ó ní, "Ẹ kọ̀wé ná."

Nítorí náà, nínú ìwé tí ó fún mi, bírò tí ó fún mi ni mo fi ń kọ ọ́: I NI MORÍYỌ̀ KỌ. Ó kọ ọ́ dáadáa. Dókítà Ọládélé kò ṣàṣìṣe. Ìyá Wúrà kò ba ogún ọkọ rẹ̀ jẹ́. Ọ̀pẹ Ìjàrè kò purọ́, èmi Ọlọ́runníyì ni mo purọ́. Mo ti fi ẹ̀dà ìwé yìí ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ Dókítà, mo sì ti ní kí wọ́n kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọjọ́ Ìkórè, lẹ́yìn orin, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ sílẹ̀. Mo bẹ gbogbo yín, ẹ dárí jì mí. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, ọkàn mi balẹ̀. Mo mọ Ẹni tí mo ń lọ bá, àánú rẹ̀ gùn ju okùn ìlẹ̀kẹ̀ èyíkéyìí lọ, kò sì sí aláṣẹ tó lè já a.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iná tó jó èkùrọ́ mi kò burú. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ìwé tí mo jókòó lé ló burú. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ ọ́ kí òórùn rẹ̀ tó tán lágbàlá. Bí ẹ bá sì wà ní Ìjàrè tàbí níbikíbi, tí ẹ rí ọ̀pẹ tí epo rẹ̀ kì í dì nínú ọyẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má gé e. Ẹ pe ẹni tó mọ̀wé, kí ẹ sì fún un ní èkùrọ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìbátan ọ̀pẹ Ìyá Wúrà.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé yìí dé ìhín, kí Olúwa má jẹ́ kí ẹ jókòó lé ohun tí yóò jókòó lé yín. Kí ọwọ́ yín máa kọ òtítọ́, kí ẹnu ìyá yín má di ìtìjú fún yín láé. Nígbà tí òtútù bá dé, kí ọkàn yín má dì. Kó máa ṣàn. Àmín.